Àgò Tí Wilf Ń Ké

Kéèkì ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ ní Wenscombe lónìí, wọ́n á ní lọ́yà ni, wọ́n á ní olówó tó ti London wá ni, àwọn mìíràn á ní ìjọba ni. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kéèkì eléso ni, dúdú, tó wúwo bíi bíríkì, tí Hester Pinnock máa ń yan nígbà tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi. Méjì ló máa ń yan. Ọ̀kan wà fún Kérésìmesì ilé tirẹ̀. Èkejì ni Wilf ọkọ rẹ̀ máa ń fi bébà wé, á há a mọ́ abíyá, á sì gbé e lọ fún Ambrose Yelland, àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ tí ọ̀nà eré wọn gbà kọjá.

Ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀nà kékeré lójú àwọn tó ń sá a. Ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti máa ń gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n á gba ẹ̀yìn àwọn ilé olórùlé koríko, wọ́n á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọlọ àtijọ́ tí omi kò yí mọ́, wọ́n á ṣí géètì Yelland, wọ́n á tì í padà, ìgbà náà ni òkè á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Larkdown ni wọ́n ń pe òkè ọ̀hún. Kò ga débi tí èèyàn á fi máa yangàn pé òun gun òkè, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń já èémí gbà lẹ́nu àgbàlagbà. Igi bíìṣì ńlá mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì, kó máa wo abúlé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ni títí dé Little Purley, níbi tí ilé ọtí ti máa ń fi búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín dè wọ́n. Ọ̀nà ọ̀dà wà lóòótọ́, láàárín ọgbà igi gíga méjì tí mọ́tò ń já wọ̀ bíi wèrè. Ẹni tí ayé ti sú ló ń sáré níbẹ̀.

Wilf ló rí ọ̀nà òkè yìí. Òun ló dá ẹgbẹ́ eléré ìje abúlé náà sílẹ̀, ó sì darí rẹ̀ lé ní ogún ọdún. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n á tẹ̀ lẹ́sẹ̀ tí òun á tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kì í gbà. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ilẹ̀ onílẹ̀ bí ẹní ń wọ oko bàbá rẹ̀.

"Ilé onílé là ń gbà kọjá," ni ó máa ń wí fún Hester bó bá ń so okùn bàtà. "Bí a ò bá kágò, kí la fi yàtọ̀ sí olè?"

Ìdí nìyí tó fi lé Mervyn Stubbs kúrò nínú ẹgbẹ́. Mervyn ń tún páìpù ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ, ẹnu rẹ̀ sì burú ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan Yelland ní kó rọra, pé àwọn àgùntàn òun ti fẹ́ máa bímọ. Mervyn ní kí bàbá náà lọ bá wọn jẹ koríko. Nígbà tí Wilf gbọ́, ojú tì í débi pé ó fẹsẹ̀ rìn lọ bẹ Yelland lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì yà nílé Mervyn nígbà tó ń bọ̀.

"Mervyn, o ò lè máa bá wa sáré mọ́. O ń dójú tì wá."

"Kò burú," ni Mervyn wí. "Ẹ̀yin ẹ máa kúnlẹ̀, èmi á máa sáré."

Ó sì ń sáré lóòótọ́. Ọ̀nà kan náà ló ń gbà, òun nìkan, kì í kí ẹnikẹ́ni, kì í sì í ti géètì.

Àyà ló pa Wilf. Ilé ìdáná ló ṣubú sí láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ti wọ bàtà eré kan, kò tíì wọ èkejì. Wọ́n sun òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́, Hester sì gbé eérú rẹ̀ gun Larkdown, ó dà á sí ìdí igi àárín. Yelland ṣí fìlà, ó dúró ti í.

Láti ọjọ́ yẹn, Hester kì í pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún dáadáa, orúnkún rẹ̀ kan ti ń ké, òun ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa ṣe bí ẹni ń tún okùn bàtà so ní ìsàlẹ̀ òkè ní òdì kejì, kó lè ráyè dúró lábẹ́ igi náà. Á fọwọ́ kan èèpo rẹ̀, á ní, "Wilf, mo ti dé o. Òtútù yìí kì í ṣe kékeré." Á sọ ìròyìn abúlé fún un ní ṣókí, á sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó gbé obìnrin náà ró nìyẹn. Bí wọ́n bá gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, kò ní ráhùn.

Yelland náà wá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ oko ta ilé àti ilẹ̀ fún Julian Cazalet, ọkùnrin kan tó ti rí towó ṣe ní London, tó wá ń wá ibi tí yóò ti máa gbọ́ ohùn ẹyẹ. Èèyàn kò lè pè é ní èèyàn burúkú. Ó ń kí èèyàn, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi owó sínú àpótí àtúnṣe òrùlé. Ṣùgbọ́n kí oṣù tó yí po, ó ti fi ṣẹ́ẹ̀nì dí ẹnu géètì, ó kan pátákó mọ́ ọn: ilẹ̀ àdáni, kò sí ọ̀nà níbí. Hester ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, torí ó máa ń ṣíwájú àwọn yòókù gbéra kí wọ́n má bàa jìnnà sí i jù. Ó di àgádágodo ara ṣẹ́ẹ̀nì náà mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù. Ó ń rí orí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ibi tó dúró sí.

Gillian Hoad, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jẹ alága ẹgbẹ́ lẹ́yìn Wilf. Ó pe gbogbo abúlé jọ sí gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ kún, kódà Mervyn Stubbs wá, ó dúró lẹ́yìn pátápátá, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Gillian wí. "Òfin wà. Bí ará ìlú bá tọ ọ̀nà kan fún ogún ọdún, ọ̀nà náà ti di tiwọn, kò sí olówó tó lè tì í. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Wọn ò gbọdọ̀ ti fipá wọ̀ ọ́, wọn ò gbọdọ̀ ti yọ́ wọ̀ ọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ ti tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹni tó bá tọrọ àyè ti gbà pé ọ̀nà kì í ṣe tòun. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín tọrọ àyè rí?"

Wọ́n wojú ara wọn.

"Ta ló fẹ́ tọrọ kí ni?" ni Mervyn dáhùn látẹ̀yìn, gbogbo gbọ̀ngàn sì rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa kéèkì. Wilf kì í sọ ohun rere tó bá ṣe; lójú tirẹ̀, oore tí èèyàn bá fẹnu sọ ti dìbàjẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ wà ní ilé ìdáná gbọ̀ngàn, ó ń po tíì fún gbogbo wọn, ìró omi tó ń hó kò sì jẹ́ kó gbọ́ ohunkóhun. Nígbà tó gbé àwo jáde, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Kí ni wọ́n sọ lẹ́yìn mi?"

"Kò sí nǹkan kan, Hester," ni Gillian wí. "Òótọ́ ṣáá ni ká sọ níwájú aṣojú ìjọba tó ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ ọ̀nà náà."

"Òótọ́ kò ṣòro," ni Hester wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín bisikíìtì.

Aṣojú ìjọba dé nígbà tí àwọn ọmọ àgùntàn ti ń tọ lórí pápá. Obìnrin ni, ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó jókòó sídìí tábìlì kan lórí pèpéle lábẹ́ àwòrán tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yà. Cazalet jókòó lápá ọ̀tún pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tó ń kí gbogbo ẹni tó bá pè pé ó kú ìdúró. Àwọn ará abúlé ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn sá a, ẹnikẹ́ni kò dá àwọn dúró, àwọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Ó wá kan Mervyn.

"Ọ̀gbẹ́ni Stubbs, ṣé ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Yelland rí?"

"Láéláé."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ń kọjá?"

"Kí ló dé tí ò ní mọ̀? Ó bú mi, mo bú u padà. Ó ń bú mi lọ sókè, ó ń bú mi bọ̀ nísàlẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Aṣojú ìjọba pàápàá rẹ́rìn-ín sínú aṣọ ìnumú rẹ̀. Hester nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ń gbóná. Ó ń wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ọkùnrin yìí ló máa ba ẹjọ́ wa jẹ́. Obìnrin yìí á gbà pé jàǹdùkú ni gbogbo wa. Ó pinnu lórí ìjókòó rẹ̀ pé òun yóò wẹ orúkọ abúlé mọ́. Ṣebí ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ èèyàn? Yóò fi ẹ̀ṣọ́ wọn han ìjọba.

Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú Wilf ló wọ̀. Nígbà tó kàn án, ó ti àga sún mọ́ tábìlì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ìyáàfin Pinnock, ẹ kú ìdúró," ni lọ́yà náà wí. "Ṣé ẹ mọ Ọ̀gbẹ́ni Yelland dáadáa?"

"Ọ̀rẹ́ wa ni. Kì í ṣe gbogbo wa là ń bú u o."

"Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Báwo lẹ ṣe ń bá ara yín ṣe?"

"Dáadáa ni. Lọ́dọọdún ni ọkọ mi ń gbé kéèkì lọ fún un."

"Kéèkì Kérésìmesì?"

"Kì í ṣe ti Kérésì lásán. Nígbà tó bá lọ tọrọ àyè fún wa ni."

Gillian gbé orí sókè. Lọ́yà náà rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó rí owó nílẹ̀ tó kọ́kọ́ ń wo ọ̀tún wo òsì.

"Àyè fún ọjọ́ ìdíje, àbí?"

Hester rí Gillian tó ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀. Ó rò pé ohun tó ń sọ ni pé ìdáhùn náà kò tíì kún tó.

"Rárá o, fún gbogbo ọdún, fún gbogbo abúlé. Wilf kì í ṣe nǹkan lábọ̀. Á ní, 'Ambrose, ṣé a tún lè gba orí òkè lọ́dún tó ń bọ̀?' Yelland á ní, 'Mo fún yín láyè, Wilf. Ẹ ṣáà ti géètì.' Wọ́n á wá bọ ara wọn lọ́wọ́."

"Láti ìgbà wo, ìyá?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí tó fi kú. Kò pa ọdún kan jẹ. Èmi ni mo ń yan kéèkì náà."

Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé gan-an," ni lọ́yà náà wí. Kò wo ojú Hester. "Mi ò ní ìbéèrè mọ́."

Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òrofó ń fọ́nnu ni, ó ní ọmọ kún inú ilé òun. Kí ni Hester fọ́nnu lé? Ó ní òun fẹ́ ọkọ tó mọ̀wàáhù. Bí ayé bá ń pa èèyàn nítorí ìyẹn, kí ayé máa nìṣó.

Ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí ni Gillian ti là á yé e. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń bá àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló sì bí Hester nínú.

"Ohun tí o ń wí ni pé, ká ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ bíi Mervyn ni Wilf, ọ̀nà ì bá ti di tiwa?"

"Ká ní gbogbo wa ṣe bíi Mervyn. Ẹnì kan ṣoṣo kì í jẹ́ ará ìlú."

"Mervyn tí a lé."

"Mervyn tí a lé."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"A sọ ọ́ nípàdé, Hester. O wà ní ilé ìdáná."

"Mo ń po tíì yín," ni Hester wí.

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ gbé òwe yẹn lọ sí Wenscombe, ẹ ó rí i pé wọ́n ti yí i sódì níbẹ̀. Nígbà tí èsì dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ohun tó sọ kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ: onílẹ̀ ló fi inú rere yọ̀ǹda ọ̀nà, ẹni tó bá fi inú rere yọ̀ǹda nǹkan sì lè gbà á padà.

Kò sẹ́ni tó bú Hester. Ìyẹn ló burú jù. Ká ní wọ́n bú u, yóò rí ohun dá padà. Ohun tí wọ́n ń wí ni, "O ò mọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," wọ́n sì ń wí i pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò dé ojú. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ a máa di ọ̀rọ̀ òjò. Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò lọ sáré ní òkè mìíràn, ọ̀nà jíjìn, mọ́tò gbogbo wọn sì máa ń kún ṣáájú kí wọ́n tó rántí Hester. Obìnrin kan bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá yóò yan kéèkì fún ọjà àánú. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, ó ní, "Tàbí jáàmù ni kí o gbé wá."

Ó bínú sí wọn, ó bínú sí Cazalet, ṣùgbọ́n Wilf ló bínú sí jù. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, òkú ni ó ń bínú sí. Ó lé ní ogún ọdún tó fi yan kéèkì fún ọkùnrin náà, ọkùnrin náà gbé e lọ fi ta ọ̀nà lọ́rẹ, ó wá lọ sùn sí òpin ọ̀nà náà, níbi tí ìyàwó rẹ̀ kò ti lè dé mọ́. Ó kó bàtà eré Wilf méjèèjì sínú garawa ìdọ̀tí, àwọn akólẹ̀ sì kó o lọ láàárọ̀.

Mervyn ló wá kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kò jókòó.

"Ihò kan wà lára ọgbà igi lẹ́yìn ilé ọlọ," ló wí. "Àgùntàn ló dá a lu. Kò sí ṣẹ́ẹ̀nì níbẹ̀, kò sí pátákó. Ibẹ̀ ni mò ń gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ogún ọdún tiyín lónìí."

"Ogún ọdún, Mervyn? Ṣé o mọ ọjọ́ orí mi?"

"Ẹlòmíì á bá yín parí ẹ̀. Ẹ ṣáà má tọrọ. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má kí i. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kódà bó gbé yín pọ̀n."

Lóòótọ́, Mervyn kì í ṣe lọ́yà, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó ń sọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló wá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dún, Hester wọ bàtà eré, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ọlọ. Ihò náà kéré ju bí Mervyn ṣe wí lọ. Ẹ̀gún ya ṣòkòtò rẹ̀, ó tún họ ọ́ létí. Nígbà tó nàró tán ní òdì kejì, ó gbọn ewé kúrò lára. Láyé rẹ̀, kò wọ ilé onílé rí láìkágò. Ó rò pé ojú yóò ti òun. Ojú kò tì í. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn bí inú ọmọ tó jí ẹran jẹ nínú ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Kò yọ́ rìn. Ó gba àárín pápá gbangba, ó ń sáré bí orúnkún rẹ̀ ti gbà fún un, ó ń ka ọdún kìíní.

Cazalet wà lẹ́bàá ògiri òkúta pẹ̀lú ajá rẹ̀, ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hester rí i. Ó kọjú síwájú. Má kí i, ló wí fún ara rẹ̀. Má wò ó.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Pinnock," ni ọkùnrin náà pè. Ohùn rẹ̀ tutù. "Mo gbọ́ pé ọkọ yín wà lókè níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ máa gba inú ẹ̀gún. Mo fún yín láyè, ìgbàkígbà tó bá wù yín. Màá ṣí géètì fún yín nísinsìnyí."

Bóyá àánú ló ṣe é. Bóyá lọ́yà rẹ̀ ló kọ́ ọ. Hester kò lè mọ̀ títí ayé, kò sì fẹ́ mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ọdún kìíní ti kú, kò sì tíì pé wákàtí kan láyé. Ó fẹ́ wí pé, mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré kì í dúró de ẹni tó ni ín.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ ṣé gan-an, Ọ̀gbẹ́ni Cazalet. Ẹ mà ṣèèyàn o."

Ó gun òkè náà. Ó dúró lábẹ́ igi àárín títí afẹ́fẹ́ fi gbẹ òógùn lára rẹ̀. Kò fọwọ́ kan èèpo igi, kò sì kí Wilf. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ṣí géètì sílẹ̀ fún un gbayawu, ṣẹ́ẹ̀nì rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gba ibẹ̀ jáde, ó tì í dáadáa, ó sì fà á wò bóyá ó ti tì.